Àpólò Lójú Àwọn Ọmọ Wa: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ Àpólò la fẹ́ sọ, torí pé tó bá ti wọ ìsọ̀ kan, kì í pẹ́ dé ìsọ̀ kejì, àwọn ọmọ wa tó ń sùn lábẹ́ tábìlì ọjà kì í sì í yọ níbẹ̀.

Orúkọ yẹn gan-an ní ìtàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìlú Accra, ní Gánà. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún náà, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Làwọn èèyàn bá ní eruku òṣùpá ló bọ́ sí wa lójú! Àìsàn náà tàn dé Nàìjíríà níbí, orúkọ yẹn sì bá a wá. Òṣùpá ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ló ń fà á.

Wíwo ojú alápólò kọ́ ló ń kó o ranni o. Ẹ wo bí a ṣe máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí alápólò bá wá rajà, tí òun náà á ti wọ jígí dúdú. Jígí yẹn ò dá nǹkan kan dúró. Ọwọ́ ló ń gbé e kiri. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á fọwọ́ kan náà di ife omi mú. Ìyá á fi etí ìró nu ipin ojú ọmọ, á tún fi nu òógùn ojú tirẹ̀. Á gba owó, á ka owó, á fọwọ́ ra ojú. Tówẹ̀lì kan tí gbogbo ilé fi ń nujú láàárọ̀, ìrọ̀rí kan, igi tìróò kan tó ń ti ojú ọmọ kan bọ́ sí ti èkejì, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Bó bá mú ẹnì kan lónìí, ẹlòmíì lè jí lọ́la kí ojú ti lẹ̀ pọ̀.

Kí la wá máa ṣe nílé? Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó kan ojú ọmọ, kí ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ ti òwú bọ̀ ọ́, kí ẹ fi nu ipin náà láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ìta. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fi òwú kan nù ún, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ mú òmíì. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rẹ, tí a gbé lé ojú tó dì, máa ń tu ọmọ lára. Tó bá ń ro ó, ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù olómi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ ya tówẹ̀lì àti ìrọ̀rí rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì ó lè tó méjì. Kí ọmọ má lọ sílé ìwé títí ojú á fi mọ́.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tó ń jẹun òòjọ́, ta ni yóò bá a gbọ́mọ? Tó bá di dandan kí ẹ gbé e wá, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ sí ìsọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé e láti orí itan dé orí itan.

Àwọn nǹkan tí à ń rọ sójú ọmọ ló ń bà wá lẹ́rù ju Àpólò lọ. Ìtọ̀, omi ọmú, omi àlùbọ́sà, oje ewé. Ẹnu ọmọ ni ọmú wà fún, ẹ máa fún un mu lọ. Àwọn nǹkan yìí lè dá egbò sí ẹyinjú, egbò ọ̀hún sì lè fọ́ ojú pátápátá. Ti kẹ́míìsì náà ń kọ́? Chloramphenicol tí wọ́n ń tà fún wa kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ojú tó ń yọ ọyún ló máa ń ṣe é lóore, ìgò kan sì ni fún ọmọ kan. Èyí tó ní dexamethasone nínú, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tí dókítà ojú bá kọ ọ́. Ó lè mú ojú funfun kíákíá, kó sì máa ba ti inú jẹ́.

Bí ọmọ ò bá lè la ojú sí ìmọ́lẹ̀, bí ẹyinjú bá ní àmì funfun, bí ojú bá ń ro ó gan-an, bí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí tí èéyi bá ń ṣe é lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan, tí ojú rẹ̀ pọ́n tàbí tó ń yọ ọyún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àpólò rárá. Ó lè jẹ́ àrùn tó kó lára ìyá nígbà ìbí, ó sì lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà l'Ádó níbí, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n ń tọ́jú ojú níbi méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró kí ẹ pa ọjà kó.