Ogiri Tiébélé àti Àwọn Ìyá Tí Ń Kùn Ún

Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ UNESCO kọ orúkọ àgbàlá ọba Tiébélé mọ́ àwọn ohun tí ó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé. Tiébélé kì í ṣe ìlú ńlá. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní gúúsù Burkina Faso, nítòsí ààlà Ghana, níbi tí àwọn Kassena ń gbé. Láti nǹkan bí irinwó ọdún ó lé ni àgbàlá náà ti wà. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ogiri ilé rẹ̀, àti ọwọ́ àwọn obìnrin tí ń kùn ún.

Ní ilẹ̀ Kassena, ọkùnrin ni í mọ ilé. Amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ìrísí ilé a sì máa sọ ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ilé róbótó ni ti àpọ́n. Ilé onígun mẹ́rin ni ti tọkọtaya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ilé oníyàrá róbótó méjì tí ó so pọ̀ ni ti àwọn arúgbó, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé.

Nígbà tí ilé bá dúró tán, ó di ọwọ́ àwọn obìnrin. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìkórè, ni wọ́n ń kun ogiri. Láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa àwọ̀ pupa, funfun àti dúdú. Wọ́n a fi òkúta ra ogiri títí yóò fi máa dán, wọn a sì fi omi tí wọ́n fi sè èèpo èso igi irú pa á lára, kí òjò má baà tètè ṣí i. Wọ́n a ya ìjàpá, ejò, ọ̀nì àti àfọ́kù igbá, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò kò mọ ìwé UNESCO kà. Ogiri amọ̀ tí a kò tún kùn yóò ṣí, yóò sì wó. Bí ọmọbìnrin kò bá kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, oyè náà yóò di orúkọ lásán. Páànù àti sìmẹ́ńtì kò bèèrè irú làálàá bẹ́ẹ̀. Àìfararọ tí ó ti ń da Burkina Faso láàmú láti nǹkan bí ọdún 2015 sì ti dín àlejò kù.

Kò tọ́ kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni gbé inú ilé amọ̀ nítorí kí àlejò lè rí ìran wò. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹ̀yẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́. Kí owó tí a bá yà sọ́tọ̀ fún ogún yìí kan àwọn ìyá tí ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí a má sì ka ọgbọ́n wọn sí iṣẹ́ ilé lásán.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Sukur ní Adamawa wọ ìwé kan náà ní ọdún 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wọ̀ ọ́ ní ọdún 2005. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Níbi tí àgbà bá ti ń kọ́ni, tí èwe sì ń gbà á, níbẹ̀ ni ogún ń gbé.