Ìjánu Tó Já: Ìdárayá Ọpọlọ fún Ẹni Tó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Oògùn Olóró

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìgàndó, ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ fún ọmọ tó bá ti kó sọ́wọ́ oògùn olóró. A ó pè é jókòó, a ó ní, "Ro ọ̀la rẹ. Wo ojú ìyá rẹ." Ọmọ á sunkún, á búra. Kí oṣù tó parí, ó ti padà sídìí rẹ̀. Àwa náà á wá ní aláìnítìjú ni, àbí pé ayé ló ń ṣe é. Ohun tí mo bá wá síbí ni pé ohun tí a ní kí ọmọ yẹn fi ro ọ̀la gan-an ni oògùn ti ṣe léṣe. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán la dúró tì, tí à ń bá wí pé kò sáré.

Oògùn pọ̀, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ bákan náà. Igbó yàtọ̀, tramadol yàtọ̀, kòdíìnì yàtọ̀. Àwọn tí mò ń sọ lónìí ni àwọn tó ń mú ara yá gágá, tó ń lé oorun lọ: kokéènì, àti methamphetamine tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní áìsì, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ń pè ní mkpuru mmiri. Obì tí àwọn bàbá wa ń jẹ níbi àìsùn náà ń lé oorun, nítorí káféènì inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná fìtílà bá jẹ́ iná, iná tó jó ilé náà iná ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi obì tan yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìwádìí ńlá tó wáyé ní Nàìjíríà, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tí a mọ̀ sí ti ọdún 2018, sọ pé mílíọ̀nù 14.3 nínú àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn láàárín ọdún kan. Èkó ló ga jù lọ, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Igbó ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń lo áìsì nígbà yẹn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹnìkan lè wá ní, kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Nítorí pé à ń sè é nílé ni. Èkó ni NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti rí ibi ìsè áìsì àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí ní 2011; ní 2016, wọ́n ká àwọn ará Mẹ́síkò mọ́ ibi ìsè ńlá kan ní Àsàbà. Ohun tí wọ́n bá ń sè lágbàlá ẹni, ọmọ ilé ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìdí kejì tún wà. Ẹni tí heroin bá dì mú, dókítà ní oògùn tó lè fún un láti dín ìfà rẹ̀ kù. Ti kokéènì àti áìsì kò ní. Títí di òní, kò sí oògùn kan tí àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ìtọ́jú àti ìdárayá ọpọlọ ni a ní.

Kí ni oògùn náà ń bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí n fi kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣàlàyé. Ẹ wo ọmọ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáńfó láti Ìyànà Ìbà sí Ìgàndó. Ó mọ ẹni tó ti sanwó, ó mọ ẹni tó ń retí ṣéńjì, ó mọ̀ pé màmá ẹ̀yìn yẹn fẹ́ sọ̀ ní Àkẹ̀sán, ó sì ń pe èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Iyè ló fi ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì ń ṣe ìjánu fún wa, tó ń ní "dúró ná" nígbà tí ọkàn bá ní "mú un."

Ìjánu àti iyè kò jìnnà síra. Ẹ rò ó wò: ọ̀la kì í sí níwájú ẹni. Oògùn ń bẹ níbẹ̀, òórùn rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ tó mú un wá jókòó tini. Owó ilé tí a fẹ́ san lóṣù tó ń bọ̀ kò sí níbẹ̀. Iyè nìkan ló lè gbé e wá síwájú ẹni kó sì dì í mú síbẹ̀. Bí ọwọ́ iyè bá rọ, ọ̀la á jábọ́.

Nora Volkow, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ti lo áìsì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Lójú ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí èròjà dopamine ti ń ṣiṣẹ́ ti bàjẹ́. Wọ́n tún àwọn díẹ̀ yà lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́ fún bí oṣù 12 sí 17. Ibi tó bàjẹ́ ti ń padà sípò! Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì ń dùn sí i síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ìrántí àti ìrìn ọwọ́ ẹsẹ̀ wọn wò, kò tíì gbérí tó bí àwòrán ṣe gbérí. Inú àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ṣubú sí. Wọ́n ti jáwọ́ lóòótọ́, ara ti ń mókun, iyè inú kò tíì bá a dé.

Ibẹ̀ ni ìdárayá ọpọlọ ti wọlé. Ní 2011, Warren Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 27 tó ń gba ìtọ́jú nítorí irú oògùn yìí. Wọ́n ní kí àwọn kan máa gbọ́ òǹkà, kí wọ́n kà á padà bó ṣe wá, kí wọ́n tún kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí wọ́n há ọ̀rọ̀ sórí. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n ni iṣẹ́ ń le sí i. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fún àwọn yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi èsì hàn wọ́n, iyè wọn kò sì ṣe wàhálà kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi gbogbo wọn: èwo lo fẹ́, owó kékeré lónìí tàbí owó ńlá lọ́jọ́ iwájú? Àwọn tí iyè wọn ṣiṣẹ́ ti lè dúró de owó ńlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó wàásù sùúrù fún wọn.

Mi ò ní tà á fún yín bí àgbo gbogbonìṣe. Owó ni Bickel fi wọ̀n ọ́n, ènìyàn 27 kò sì pọ̀. Ní Netherlands, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2018 fún àwọn aláìsàn oògùn àti ọtí ní irú ìdárayá yìí. Wọ́n mọ eré náà dáadáa, àmọ́ kò dín oògùn tí wọ́n ń lò kù ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú ìdárayá. Ẹni tó bá wá bá yín pé eré orí fóònù nìkan á gba ọmọ yín sílẹ̀, ẹ má fún un lówó. Oríṣi kejì tún wà, èyí tí Reinout Wiers ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́tí 214 tó wà nílé ìtọ́jú ní Jámánì: wọ́n ń fi ọ̀pá ìṣeré kọ̀ǹpútà ti àwòrán ọtí dànù, wọ́n ń fa ti ohun mímu mìíràn mọ́ra, léraléra. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe é ló padà sídìí ọtí. Nínú àwọn tí kò ṣe é, ìdá 59 ni. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú ẹlòmíràn. Lójú ìyá ọmọ, kò kéré.

Ní tèmi, iṣẹ́ ìdárayá yìí ni kó jẹ́ kí ìtọ́jú yòókù lè wọlé. Efrat Aharonovich àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i pé lára àwọn tí kokéènì dì mú, àwọn tí ọpọlọ wọn kò já gaara ló ń tètè kúrò nídìí ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu. Kì í ṣe agídí. Ẹni tí kò lè rántí ohun tí olùtọ́jú sọ ní Ọjọ́bọ̀, kí ló fẹ́ padà wá ṣe ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn?

Ilẹ̀ Yorùbá ní ohun tó lè fi kún èyí. Ní 1954, Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta. Dípò kó ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, pẹ̀lú ìbátan kan tó bá wọn wá. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa tí a ni í, ẹ̀wọ̀n là ń so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí.

Bí ọmọ yín bá ti kó sọ́wọ́ oògùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìgàndó níbí, kí dókítà wò ó. Bó bá gba ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà tàbí Àrò, ẹ gbé e lọ. Nígbà tó bá padà délé, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé dókítà gàdàgbà sára ògiri, nítorí iyè rẹ̀ kò tíì gbà á. Ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí pé ayò ń wo bárakú sàn, ẹ má fi í pè mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ihò méjìlá àti ọmọ ayò 48, tó ń kà á lọ́kàn kó tó kó o, iyè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan sì jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa rán an níṣẹ́, bí ìyá yín ṣe rán yín ní kékeré tí kò kọ ọ́ síwèé. Ẹ má tíì fowó lé e lọ́wọ́ o: owó àti ojú ọ̀nà tó ti ń rà á tẹ́lẹ̀ lè fà á padà. Kí àbúrò rẹ̀ mú owó, kí àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́jà. Òun ni kó máa dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Lọ́jọ́ kìíní, ohun mẹ́ta: ata, iyọ̀, ẹyin. Bó bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ má pariwo, ẹ tún un rán. Ọjọ́ tó bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, ẹ fi ẹ̀kẹrin kún un.