Ẹni Tí Yóò Dùbúlẹ̀ Sábẹ́ Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Yaba

  Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde Yaba College of Technology, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ púpọ̀ bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù oníwọ̀n àárín, ìyẹn ọkọ̀ tí ó ju píkọ́ọ̀pù lọ tí kò sì tó tírélà, irú èyí tí ń já búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ṣọ́ọ̀bù Mushin àti Surulere, àwọn olùtajà á kó ìwé aláwòrán mèremère sílẹ̀, àwọn ọ̀gá á sì máa fi iye owó kan wé òmíràn. Ẹni tí wọn kì í bi léèrè ni mẹkáníìkì tí yóò máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà títí yóò fi gbó, ìwà yìí sì ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú di ọkọ̀ ọ̀wọ́n.

Àwọn onímọ́tò Èkó ayé mọlúè, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò ńlá àtijọ́, mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú mọlúè wọ̀nyẹn jẹ́ lọ́rì Mercedes-Benz 911 tí àwọn wẹ́dà wa kan ara bọ́ọ̀sì mọ́ ṣáàsí rẹ̀, ìyẹn férémù irin tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ so mọ́. 9 tí ó wà nínú nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9 tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ jọ wọ̀n, 11 sì ń tọ́ka sí agbára ẹṣin 110. Nígbà náà, Leyland ń to lọ́rì tirẹ̀ ní Ìbàdàn, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO sì ń to ti Mercedes ní Enugu. Síbẹ̀ 911 ni mẹkáníìkì etí títì mọ̀ bí ẹní mowó, tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpò ṣaka, kí ó sì tò ó padà.

Owó tí a fi ra ọkọ̀ kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ìnáwó lọ. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò tó 300 náírà fún lítà kan nígbà tí 2022 bẹ̀rẹ̀ ti ju 800 lọ kí ọdún náà tó parí, táyà ń jẹ, páàtì ń jẹ, ọjọ́ tí ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ rárá ni ó ń jẹ owó jù, nítorí dẹ́rẹ́bà yóò gbowó oṣù, oníbàárà yóò sì wá ẹlòmíràn lọ.

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ra ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ilé ìtọ́jú páàtì kankan ní Èkó. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan bàjẹ́, òkè òkun ni èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ ti ń bọ̀, koríko sì hù yí táyà ọkọ̀ ká. Olórí wọ́kíṣọ́ọ̀bù ti kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, ṣùgbọ́n HND ti politẹ́kíníìkì, kì í ṣe dìgírì yunifásítì, ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwọn tí ń buwọ́ lùwé sì ka ìwé ẹ̀rí náà ju ìkìlọ̀ lọ. Ẹ̀gàn tí wọ́n ń fi kan HND ní orílẹ̀-èdè yìí ti jẹ owó púpọ̀ gbé.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ yín ń sá fún òróró ọkọ̀ nítorí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹlòmíràn sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò tíì fojú rí inú gíabọ́ọ̀sì rí àfi nínú àwòrán. Ta ni yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ níbi ìpàdé ìrajà? Ọjà páàtì ọkọ̀ ní Ladipo kò jìnnà sí Yaba. Kí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó wáyé, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ń figa gbága, kí ẹ béèrè páàtì kan náà lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, kí ẹ kọ iye tí wọ́n pè àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní sílẹ̀. Ẹ bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀, ẹ ka ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe ti àwọn tí wọ́n ti ra irú ọkọ̀ náà. Bí ọ̀gá bá gbé ìwé ìrajà síwájú yín kí ẹ tó rí gbogbo èyí, ẹ má ṣe buwọ́ lù ú.