Àpáta Ààbò: Ìbàlẹ̀ Ọkàn Onígbàgbọ́ Nígbà tí Ayé Bá Le Koko



Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ọ̀rọ̀ ilé ayé ni. Ìgbà kan ń bẹ tí ẹrù a máa wúwo ju orí lọ. Owó oṣù kò tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì; owó ọkọ̀ ń gòkè, pàápàá láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Àìsàn a wọlé láìkanlẹ̀kùn, ikú a sì yọjú níbi tí a kò retí rẹ̀. Nígbà bẹ́ẹ̀, oorun a dá lójú ènìyàn, oúnjẹ a sì korò lẹ́nu. Ohun tí ojúlùmọ̀ sì máa ń tètè wí fún Kristẹni ni pé, "Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé kí ẹni tí ó ń sunkún nu ojú rẹ̀ nù kíákíá ni? Ṣé kí ó káwọ́ gbera ni? Àbí nǹkan mìíràn ni?

Ìdáhùn tí ó yanjú ń bẹ nínú ìtàn ilẹ̀ Àkókó fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ọ̀wọ̀ ń bọ̀, tí ó gba Àkùngbá lọ sí Ìkàrẹ́, tàbí tí ó yà sí Ọ̀kà, kò lè ṣàìrí àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú ká. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òkè wọ̀nyí kì í ṣe ohun àwòyanu lásán. Àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà a máa ya wọ ilẹ̀ Àkókó, wọn a kó ènìyàn lẹ́rú, wọn a sì máa gba ìsákọ́lẹ̀. Ogun Ìbàdàn pàápàá kò fi àgbègbè náà lọ́rùn sílẹ̀. Òkè ni àwọn baba ńlá sá sí. Ẹṣin ọ̀tá kò lè fi ìrọ̀rùn gun àpáta, ẹni tí ó sì wà lókè a máa tètè rí ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní oṣù Kìíní, ọdún 1897, ni ọwọ́ Tápà rọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ṣì wà lórí òkè ní Ọ̀kà títí di òní.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹni tí ó sá gun òkè kò sọ pé kò sí ogun. Nítorí pé ó mọ̀ pé ogun wà ni ó ṣe gun òkè. Èkejì, kò sí ẹni tí ń jẹ àpáta: oko wà nísàlẹ̀, a sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ roko kí ebi má pa ará òkè. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan ṣoṣo kò dá gbé orí òkè. Tìyá-tọmọ, tàgbà-tèwe ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Nígbà tí Bíbélì bá wá pe Ọlọ́run ní àpáta àti ibi ìsádi, ọmọ Àkókó kò nílò ògbufọ̀. Àlàáfíà tí ìgbàgbọ́ Kristi ń fún ni ní ìwà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkíní. Àlàáfíà Kristẹni kì í sẹ́ ìrora. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé Sáàmù ni ó jẹ́ ẹkún àti ìráhùn. Sáàmù 88 tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ìpọ́njú tí ó sì parí sínú òkùnkùn, síbẹ̀ àwọn àgbà ìgbàgbọ́ kò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé mímọ́. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún níbi ibojì Lásárù. Ní Gẹtisémánì, kò fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ènìyàn pé omi ojú jẹ́ àmì àìnígbàgbọ́ ń kọ́ wọn ní ohun tí Kristi kò kọ́ wọn. Àwọn àgbà Yorùbá ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níwájú Ọlọ́run gan-an, àdúrà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú òtítọ́, bí òtítọ́ náà tilẹ̀ korò, sàn ju àdúrà tí a fi ẹ̀rín ẹnu bò lójú lọ.

Èkejì ni pé àlàáfíà yìí ń dá ènìyàn padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìtàn Èlíjà nínú Ìwé Kìíní Àwọn Ọba, orí 19, fi èyí hàn dáadáa. Wòlíì ńlá náà sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Oorun ni ó kọ́kọ́ sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn, ó sì tún jẹun. Lẹ́yìn èyí ni ó tó rin ìrìn-àjò dé òkè Hórébù, níbi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó fi Hórébù ṣe ilé: Ó rán an padà lọ sẹ́nu iṣẹ́, Ó sì sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni ó kù.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tí ó gba gbogbo ayé kan dé Èkó, ó sì tàn wọ inú ilẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ aládùúrà kékeré kan dìde nínú ìjọ St. Saviour, Joseph Ṣadare àti ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni a wá mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 mú kí iye owó kòkó já wálẹ̀, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní oṣù Keje, ọdún 1930, lábẹ́ ìwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà kí ó tó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928. Láti ibẹ̀ ni iná náà ti ràn dé Èkìtì àti Àkókó. Ohun tí àwọn tí ń wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀ ń wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Wọ́n ń wá ibi tí ènìyàn ti lè dárúkọ ẹ̀rù tí ń bà á, kí ó sì rí ẹni bá a ṣọ́ òru.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú: púpọ̀ nínú àwọn aládùúrà àkọ́kọ́ kọ oògùn gbogbo, ti ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó. Ẹni tí ó bá ka ìtàn Èlíjà dáadáa yóò rí i pé Ọlọ́run tí ó gbọ́ àdúrà rẹ̀ kò kẹ́gàn oúnjẹ àti oorun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìsoríkọ́ bá gùn ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun àti oúnjẹ kọ̀, tí ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ ikú, dókítà wà lára ọ̀nà tí Ọlọ́run fi ń ṣàánú. Lílọ sí ilé ìwòsàn kò gba àdúrà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta ni pé a kì í dá gba àlàáfíà yìí. Ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ní Arò, Abẹ́òkúta, kì í ṣe inú ilé ìwòsàn nìkan ni ó fi wọ́n sí. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé ìtòsí, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Dókítà náà mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ojú tí ènìyàn mọ̀ a máa ràn án lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Àkókó kò jìnnà sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ já wọ àárín àwọn ilé ìtajà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn ní Àkùngbá, láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ẹ̀mí ṣòfò, ti akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Àgùdà ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní ogójì. Kò sí ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí ó lè wo irú ọgbẹ́ yẹn sàn. Ìjọ náà sọkún ní gbangba, wọ́n sin òkú wọn papọ̀, wọ́n sì bèèrè fún ìdájọ́ òdodo. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 2023, wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìjọsìn náà. Ìrora kò tíì tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n padà wọlé fi hàn pé ìbẹ̀rù kọ́ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, "Ẹni tí ó gbàdúrà, tí ó gbààwẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì kú ńkọ́? Àlàáfíà wo ni ó kù fún un?" Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Kristi kò ṣèlérí pé ìpọ́njú kò ní dé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kú ọ̀la kí a kàn án mọ́ àgbélébùú, ó sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé wọn yóò rí wàhálà nínú ayé, ní alẹ́ kan náà tí ó fi àlàáfíà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì nípa àlàáfíà tí ó ju òye lọ. Ìlérí náà ni pé a kò ní dá wà nínú ìpọ́njú, àti pé ikú kọ́ ni òpin. Ẹni tí ó bá wá ń sọ fún ọlọ́fọ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, ń di ẹrù kún ẹrù. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti ṣàlàyé ni wọ́n ṣìnà.

Ẹ̀kọ́ tí ó kan olùkọ́ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń pa kíláàsì jẹ, tí ojú rẹ̀ sì ṣú, kò nílò pàṣán. Ó nílò ẹni tí yóò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò bi í léèrè, tí yóò sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ó bá ti mẹ́nu ba ikú, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kí a mú un dé ọ̀dọ̀ ẹbí, àlùfáà àti dókítà. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ó wá ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè sọ òtítọ́ fún. Kí ó gbàdúrà ní ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó sì ṣe iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ti ọjọ́ náà. Kí ó jẹ́ kí ti ọ̀la dúró de ọ̀la.

Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà a máa gun Òkè Maria ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà. Kò sí ẹni tí ń lọ síbẹ̀ lọ kọ́lé. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí ọjà, sí oko, sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìṣòro tí wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ dè wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó fi gun òkè ni ẹni tí ó gbàdúrà fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí fífi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ túmọ̀ sí nìyẹn: kí a sọ òtítọ́ ìrora níwájú Àpáta, kí a sinmi lé e, kí a sì bá àwọn ará wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run fi ọkàn gbogbo ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn balẹ̀.