Agbo Ilé Yorùbá àti Ìdílé Adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà: Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé Niara Sudarkasa

Bí a bá bi ọmọ ilé ìwé léèrè ohun tí ń jẹ́ ìdílé, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá sí i lẹ́nu ni bàbá, ìyá àti ọmọ. Inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọmọ náà lọ sí agbo ilé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a ní kí ó tọ́ka sí ìdílé rẹ̀, kò ní mọ ibi tí yóò ti dá ọwọ́ dúró. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdáhùn méjèèjì yìí ni Ọ̀mọ̀wé Niara Sudarkasa fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wò. Ohun tí ó rí di ìgbèjà fún àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìlú Fort Lauderdale ní ìpínlẹ̀ Florida ni a bí i sí ní 1938. Gloria Marshall ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ àgbà, tí wọ́n ṣí wá láti erékùṣù Bahamas, ni wọ́n tọ́ ọ. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó wọ Yunifásítì Fisk. Láti ibẹ̀ ni ó kọjá sí Oberlin, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ ní 1957. Ní Oberlin ni ó ti gbọ́ nípa èsúsú Yorùbá, tí ó sì rí i pé ohun kan náà ni pẹ̀lú “esu” tí àwọn ẹbí rẹ̀ ará Bahamas ń dá. Bí èsúsú bá lè la òkun kọjá tòun torúkọ, kí ni òmíràn tí ó tún lè ti bá a kọjá?

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó gbé e wá sí Awẹ́, ìlú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Ọ̀yọ́, ní 1961 sí 1962. Yunifásítì Columbia fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1964. Ìwé tí ó kọ lórí àwọn obìnrin Awẹ́, Where Women Work, sì jáde ní 1973. Ó rí i pé àpò ọkọ lọ́tọ̀ ni, àpò aya lọ́tọ̀ ni. Obìnrin ń nájà fún ara rẹ̀, ó sì ń tọ́jú ọmọ, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ojú rẹ̀ wà lára ọmọ náà. Ìyàwó a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, nítorí pé agbo ilé ni ó fẹ́ ẹ. Bí bàbá bá kú, agbo ilé kò tú. Ìgbéyàwó lè tú. Àjọbí kì í tú.

Ní Amẹ́ríkà, iyàn ńlá ti wà nílẹ̀. Ní 1939, E. Franklin Frazier, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tí òun náà jẹ́ adúláwọ̀, kọ̀wé pé oko ẹrú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àṣà Áfíríkà rẹ́ pátápátá nínú ìdílé wọn. Ní 1941, Melville Herskovits, òyìnbó tí ó ti ṣe ìwádìí ní Dàhómì, ta kò ó. Ní 1965, Daniel Patrick Moynihan, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde. Ó ní obìnrin ni olórí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìdílé adúláwọ̀, ìdílé tí ó ń bàjẹ́ sì ni gbòǹgbò ìṣòro wọn. Àwọn alátakò rẹ̀ ní èyí ń di ẹ̀bi ru ẹni tí a fìyà jẹ.

Sudarkasa ní òṣùwọ̀n náà gan-an ni kò tọ́. Tọkọtaya ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn fi ṣe òpó ilé. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àjọbí ni òpó. Ẹrú kò rí ilẹ̀ kọ́ agbo ilé sí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ń tọ́ ọmọ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń gba ọmọ àbúrò sílé. Kò sẹ́ pé ẹrú ṣe wọ́n ní ọṣẹ́. Ó sì fi ìyàtọ̀ sáàrin ilé ńlá tí ìyá àgbà ń darí láyé àtijọ́ àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó dá wà pẹ̀lú ọmọ ní ìgboro lónìí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tí ẹrú ti inú ẹ̀yà púpọ̀ wá, ṣé Awẹ́ lè gbẹnu sọ fún gbogbo wọn? Ìbéèrè gidi ni. Èsúsú gbé orúkọ rẹ̀ dání. Àjọbí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìpìlẹ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó jọ ní in.

Ní 1968 sí 1969, ó wà láàrin àwọn Yorùbá oníṣòwò ní Gánà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ tí a bí sí Gánà, tí kò fojú rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí, ní agbo ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Yàrá lè má tó. Ẹ̀tọ́ kò ní iyàn nínú. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.

Ó ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Michigan láti 1967. Ní 1987 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí Yunifásítì Lincoln, níbi tí Azikiwe àti Nkrumah ti kàwé, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1998. Ìwé rẹ̀ The Strength of Our Mothers jáde ní 1996. Ó dolóògbé ní 2019.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún ń ya àwòrán ìdílé sójú pátákó, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí ó gbé wọn pọ̀n, ẹni tí ó san owó ilé ìwé wọn, àti ilé tí wọn yóò sá sí bí ojú bá pọ́n wọn. Ìdáhùn wọn kò ní gba inú àwòrán ènìyàn mẹ́ta. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú. Ẹ má gé ìdílé kúrú.