Wákàtí Tí Gbogbo Ilé Ń Fa Iná Pọ̀

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dín ìlò iná mọ̀nàmọ́ná kù nínú ilé ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń lò ó, ó bi mí pé, ‘Iná tí kò sí, báwo ni a ṣe fẹ́ dín in kù?’ Ìbéèrè náà pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dá a lóhùn. Èsì mi ni pé ibi tí iná kò bá ti tó gan-an ni ó ti yẹ kí a fiyè sí wákàtí tí a ń lò ó. Iye iná tí ilé kan ń jẹ láàárín oṣù kan jẹ́ ọ̀rọ̀ àpò onílé. Iye tí gbogbo ilé ń jẹ ní wákàtí kan náà jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wa.

Iná mọ̀nàmọ́ná kò rí bí àgbàdo inú àká. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí bátìrì lè gbà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni a ń lò ó. Ní Kainji, níbi tí wọ́n ti ń fi omi odò Ọya ṣe é láti 1968, àti ní Ẹ̀gbìn, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì ṣe é, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ń yí ní ìwọ̀n kan náà, tí iná tí ó ti ara wọn jáde fi ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun tí àwọn ilé ń fà bá ju ohun tí ẹ̀rọ lè pèsè lọ, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo gun òkè. Bí ìfalẹ̀ náà bá kọjá ààlà, ẹ̀rọ kan á já ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn ìyókù. Àwọn náà á sì já sílẹ̀. Bí òkùnkùn ṣe lè bo gbogbo Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024. N kò sọ pé ìlò inú ilé ni ó fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáyà tàbí ẹ̀rọ kan ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ètò tí kò ní àlékún kankan ní ìpamọ́ kò lè fara da ìkọ̀sẹ̀ kékeré.

Òṣogbo ni àwọn tí ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí jókòó sí, tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá rí i pé ẹrù fẹ́ pọ̀ jù, wọn a ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń pín iná pa àwọn àdúgbò kan. Ó sì dá mi lójú pé ohun mìíràn wà tí a lè ṣe yàtọ̀ sí pípa àdúgbò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2022, ooru mú ní California, àwọn tí wáyà ńlá ìpínlẹ̀ náà ń sìn sì fa 52,061 mẹgawáàtì, iye tí wọn kò fà rí. (Ní Nàìjíríà, a yọ̀ ní oṣù kẹta 2025 nítorí pé ohun tí a pèsè lé díẹ̀ ní 5,800.) Nǹkan bí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìrọ̀lẹ́, ìjọba fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará ìlú pé kí wọ́n dín iná kù. Láàárín ìdajì wákàtí, ohun tí wọ́n ń fà ti fi bí 2,000 mẹgawáàtì wálẹ̀. Àwọn tí ń darí wáyà náà kò pàṣẹ kí a máa pa àwọn àdúgbò ní yíyípo, bí wọ́n ti ṣe ní oṣù kẹjọ 2020.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òpópónà tiwa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun ni jù. Ẹ wo tiransifọ́mà tí wọ́n kọ 500 kVA sí lára. Ká ní 200 ilé ni ó ń sìn. Bí wọ́n bá pín agbára rẹ̀ dọ́gba, kò lè ju 2,500 wáàtì tí yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan. Áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ bí 1,000 wáàtì. Ẹ̀rọ tí a fi ń se omi tíì ń jẹ bí 2,000. Àwọn méjèèjì ti ju ìpín ilé náà lọ, a kò sì tí ì tan gílóòbù kankan. Gílóòbù tuntun tí ń jẹ 9 wáàtì kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tí ó pa gílóòbù méjì, tí ó wá ń lọ aṣọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Ìṣẹ́jú tí iná dé ni ó burú jù. Àwọn ọmọ á ké ‘Ọ́ọ̀pù NEPA!’ (Orúkọ NEPA ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti 2005, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kò tí ì gbọ́.) Ní ìṣẹ́jú náà, gbogbo fìríìjì tí ó ti gbóná á gbéra pọ̀, gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù tí a kò pa nígbà tí iná lọ á gbéra, ẹ̀rọ ìfami náà á gbéra, irú rẹ̀ sì lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà ohun tí ó sábà ń fà, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa. Fíúsì á jó. Iná tí ó dé ní aago méje á lọ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó sì máa ṣépè fún àwọn oníná. Mo ti gbé ní òpópónà tí a ti dáwó tún tiransifọ́mà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tí ń ta ẹja dídì níbẹ̀ dá owó tirẹ̀, ẹja rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí iná bá lọ, ẹ pa gbogbo nǹkan, kí ẹ fi gílóòbù kan sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ìgbà tí ó dé. Bí ó bá dé, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn tí ń rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn rọrùn jù: kí wọ́n fa omi ní ìdájí, kí wọ́n lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé. Fírísà tí ó kún, tí a kò ṣí, lè mú òtútù dání fún ọjọ́ kan ó lé. Bí a bá pa á láti aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, ẹran inú rẹ̀ kò ní mọ̀. Ẹni tí kò rí ju wákàtí mẹ́rin lọ kò ní wákàtí tí yóò yàn, n kò sì ní jókòó síhìn-ín kí n máa kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìṣúnnálò.

Ó ku ọ̀rọ̀ mítà. Ní oṣù kẹrin 2024, iye tí àwọn tí a ṣèlérí 20 wákàtí fún ń san lórí ẹyọ iná kan fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni a ń san ní aago mẹ́ta ọ̀sán àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mítà wa mọ iye. Kò mọ wákàtí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2023, wọ́n san owó fún àwọn ilé tí ó gbà láti dín iná kù láti aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí pé mítà wọn lè jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà tí òfin iná ọdún 2023 ti jáde, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa darí ọjà iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó ti gba iṣẹ́ náà. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ̀wé sí, kí a bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹni tí ó fa omi ní ìdájí àti ẹni tí ó fà á ní aago mẹ́jọ alẹ́ fi ń san iye kan náà.