Ata àti Ìrora Oríkèé

Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni mo bá wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń dúró láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ni orúnkún ń dùn, tí wọn a sì máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́. Àlòjù àwọn kan nínú rẹ̀ a máa dá egbò sí ikùn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́.

Ata (àlejò láti Amẹ́ríkà ni, bí a tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ọmọ ilé) ní ìrànwọ́ tirẹ̀. Capsaicin ni ohun tí ń ta nínú rẹ̀. Ní 1997, David Julius àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹnu-ọ̀nà tí ó ń gbà wọ iṣan ìmọ̀lára: ibẹ̀ gan-an ni ooru ń kàn, nítorí náà ni ata fi ń jóni bí iná. Julius wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Bí a bá ń fi ìpara rẹ̀ pa oríkèé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àárẹ̀ a mú iṣan náà, kò sì ní lè jíṣẹ́ ìrora bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìpara ilé oògùn ni mo wí, èyí tí capsaicin inú rẹ̀ kò ju 0.025 sí 0.075 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ata wẹ́wẹ́ orí ọlọ kò ní òṣùwọ̀n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í di orúnkún ìyá arúgbó, a máa bó awọ. Ẹ má jẹ́ kí ìpara náà kan ojú tàbí egbò, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ìrora ni í dín, kì í wo oríkèé sàn. Orúnkún tí ó bá wú tí ó sì gbóná, ẹ gbé e tọ dókítà lọ.